Bí ẹ ṣe lè kọ ìtàn ìfẹ́ onígbàgbọ́ dé ìparí láì sọ ọ́ di ìwàásù

Orí kẹrin tàbí ìkarùn-ún ni ọ̀pọ̀ ìtàn ìfẹ́ onígbàgbọ́ máa ń kú sí. Ọkùnrin ti rí obìnrin, ọkàn wọn ti fà mọ́ra, wọ́n jọ ń lọ sí ìpàdé àdúrà. Kí ló wá kù? Òǹkọ̀wé á mú pásítọ̀ wọlé, pásítọ̀ á sọ̀rọ̀ ojú ewé mẹ́ta gbáko, ìtàn á dúró gbagidi. Bí ìwé náà ṣe máa wọ inú dúrọ́ọ̀ nìyẹn, ẹni tó ń kọ ọ́ á sì máa sọ pé ìmísí ti lọ.

Ìmísí kọ́ ló lọ. Ìgbàgbọ́ àwọn ẹ̀dá ìtàn náà ni kò ní nǹkan kan án ṣe pẹ̀lú ìfẹ́ wọn. Bí ẹ bá yọ gbogbo àdúrà àti ẹsẹ Bíbélì inú rẹ̀ kúrò, ìtàn náà á ṣì rí bó ṣe rí. Ohun tí ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ni pé kí ẹ lè hun méjèèjì pọ̀ bí aṣọ òkè, débi pé ẹ ò ní lè fa òwú kan yọ kí èkejì má tú.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan tí kò ní jìnnà sí yín, tàbí fóònù tí ẹ lè kọ nǹkan sí.

Bíbélì kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀ dáadáa. Ẹ má máa ti inú ìtumọ̀ kan bọ́ sí òmíràn nítorí pé ẹsẹ kan dùn lẹ́tí níbẹ̀.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lóòjọ́, ní àkókò kan náà, tí àwọn ará ilé mọ̀ pé iṣẹ́ lẹ ń ṣe.

Ìtàn ìfẹ́ onígbàgbọ́ mẹ́ta tí ẹlòmíràn kọ, tí ẹ ti kà tán láìpẹ́ yìí. Èmi ò lè fọwọ́ rọ́ eléyìí sẹ́yìn. Ẹni tí kì í ka irú ìwé tó fẹ́ kọ, ìwé àṣàrò ló máa ń kọ tó bá yá, á kàn fi orúkọ ọkùnrin àti obìnrin kan sí i ni.

Òǹkàwé méjì tí kò ní pọ́n yín lé. Ó sàn kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ìfẹ́. Ẹ má fi ọkọ, aya tàbí pásítọ̀ yín ṣe òǹkàwé àkọ́kọ́; ìfẹ́ tí wọ́n ní sí yín á dí wọn lójú.

Kọ̀ǹpútà dára tó bá wà. Kì í ṣe dandan títí di ìpele keje.

Ìpele 1: Ẹ wá ìbéèrè, ẹ má wá ẹ̀kọ́

Ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní, “Mo fẹ́ kọ ìwé tó máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n dúró de àkókò Ọlọ́run.” Ẹ̀kọ́ náà dára, àmọ́ ìdáhùn ti wà nílẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, òǹkàwé sì ti mọ̀ ọ́n láti ojú ewé kìíní. Kí ló máa wá tìtorí rẹ̀ kà á dé ìparí?

Ìbéèrè ni kí ẹ wá, irú èyí tó lè mú kí oorun dá lójú onígbàgbọ́ tòótọ́. Èyí tí a máa lò títí ìtọ́sọ́nà yìí á fi parí nìyí: Ṣé èèyàn lè tún béèrè ohun ńlá lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn tó ti béèrè rí, tí kò sì rí i gbà?

Ibo lẹ ti máa rí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Inú Ìwé Mímọ́ ni mo ń kọ́kọ́ wò, kì í sì í ṣe ibi tí àwọn oníwàásù ti máa ń kà nìkan. Ẹ wo Hóséà 3:2. Wòlíì náà ra ìyàwó ara rẹ̀ padà ní fàdákà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún fi ọkà báálì kún un. Kí ló dé tó fi ọkà kún owó? Ṣé owó ọwọ́ rẹ̀ ni kò tó ni? Bíbélì kò sọ. Àlàfo tí òǹkọ̀wé lè gbà wọlé nìyẹn. Tàbí ẹ wo Léà. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 29, gbogbo wa la máa ń sọ̀rọ̀ Jékọ́bù tó sin ọdún méje nítorí Rákélì, tí ọdún náà sì dà bí ọjọ́ díẹ̀ lójú rẹ̀. Ta ló ń sọ̀rọ̀ ẹni tí wọn kò fẹ́, tó ń bímọ tó sì ń sọ ọmọ lórúkọ bóyá ọkọ á lè fẹ́ràn òun? Ọmọ kẹta ló ṣì fi ń retí ọkọ. Nígbà tí ó bí ẹ̀kẹrin, ní ẹsẹ 35, Olúwa ló yìn, kò dárúkọ ọkọ mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọkàn obìnrin náà láàárín ọmọ kẹta sí ẹ̀kẹrin? Ìwé odindi kan wà níbẹ̀.

Orísun kejì ni ìgbésí ayé: ohun tí ẹ gbọ́ nínú ọkọ̀, ohun tí ẹ rí níbi ìgbéyàwó àti níbi ìsìnkú, ìwé àdúrà tí ẹ̀yin fúnra yín kọ nígbà tí nǹkan le. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ní gbólóhùn kan tàbí méjì.

Ìkìlọ̀: Ohun tí ẹnì kan bá sọ níbi ìpàdé àdúrà kí ẹ lè bá a gbé e síwájú Ọlọ́run, kì í ṣe ti ìwé yín. Ẹ lè yí orúkọ padà, ẹ lè yí ìlú padà, ẹni tó sọ ọ́ á ṣì mọ ara rẹ̀ lójú ewé kejì, kò sì ní la ẹnu níbi àdúrà mọ́. Ohun tí ẹ lè mú níbẹ̀ ni bí ó ṣe máa ń rí lára kí èèyàn wà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún oníǹkan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí ti yọrí? Ẹ ka ìbéèrè yín fún onígbàgbọ́ méjì tó dàgbà nínú ẹ̀mí. Bí àwọn méjèèjì bá dáhùn wéré, tí ìdáhùn wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ̀kọ́ ló ṣì wà lọ́wọ́ yín. Bí ọ̀kan bá kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ẹ ti rí i.

Ìpele 2: Ẹ̀dá ìtàn méjì, ọgbẹ́ méjì

Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì, ẹ kọ ìdáhùn sí nǹkan mẹ́ta yìí: kí ló ṣẹlẹ̀ sí i tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná? Irọ́ wo nípa Ọlọ́run ni ọgbẹ́ náà gbìn sí i lọ́kàn? Kí ló ń ṣe lójoojúmọ́ nítorí irọ́ yẹn?

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pọ̀ máa ń fò. Irọ́ tó wà nínú ọkàn nìkan kò ṣeé rí lójú ìwé. Èyí tó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ni òǹkàwé lè rí.

Ẹ jẹ́ ká mú Lìdíà. Opó ni. Ó gbààwẹ̀, ó gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ọkọ náà kú. Irọ́ tó gbà gbọ́ ni pé Ọlọ́run ń gbọ́ tẹlòmíràn, kì í gbọ́ tòun. Ohun tó ń ṣe nítorí rẹ̀ ni pé kò kúrò nínú ìjọ o. Ó wà nínú kúáyà, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé. Àmọ́ bí wọ́n bá béèrè ẹ̀bẹ̀ àdúrà lọ́wọ́ rẹ̀, ti aládùúgbò ló máa ń sọ. Kò béèrè nǹkan kan fún ara rẹ̀ mọ́.

Dáníẹ́lì ní tirẹ̀, káfíńtà ni. Bàbá rẹ̀ já wọn sílẹ̀ nígbà tí ìnáwó ilé wúwo. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé ẹni tó bá di ẹrù, wọ́n á sọ ọ́ sílẹ̀, títí kan Ọlọ́run. Nítorí náà, gbogbo èèyàn ló ń ràn lọ́wọ́, kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, kò ní sọ.

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọkùnrin tó máa fi àìsàn pa mọ́ ló pàdé obìnrin tí àìsàn ti pa ọkọ rẹ̀. Ọgbẹ́ ọ̀kan ló ń tẹ ọgbẹ́ èkejì. Kí Lìdíà tó lè fẹ́ Dáníẹ́lì, ó gbọ́dọ̀ tún la ẹnu béèrè.

Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́: ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tí kò lábùkù, tó jí láago mẹ́rin fún àdúrà, tí kì í bínú, tó ń fi ẹsẹ Bíbélì dáhùn “ẹ káàárọ̀.” Kò sẹ́ni tó lè fẹ́ràn rẹ̀, nítorí kò sí ibi tí ọwọ́ ti lè tẹ̀ ẹ́.

Ìkejì le jù. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá tíì gba Kristi, àwọn òǹkàwé yín ti ní 2 Kọ́ríńtì 6:14 lọ́kàn, wọ́n á sì máa ṣọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí ìyípadà ọkàn rẹ̀ di ìwé àṣẹ ìgbéyàwó. Bí ó bá gbàgbọ́ ní orí 18, tí wọ́n sì ṣe ìdána ní orí 19, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Ọ̀nà tí mo mọ̀ tó ń gbéṣẹ́ jù ni pé kó rí Kristi lẹ́yìn tí ìrètí àtifẹ́ ẹnì kejì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, nígbà tí kò sí èrè kankan nínú rẹ̀ fún un.

Àyẹ̀wò: ẹ sọ ìtàn náà fún ara yín ní gbólóhùn márùn-ún láì dárúkọ Ọlọ́run rárá. Bí ó bá ṣì yé èèyàn, ẹ padà sí ìbéèrè kejì nínú àwọn mẹ́ta òkè yìí.

Ìpele 3: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìyapa

Egungun tó gbé ìtàn ìfẹ́ dúró kò ṣòro: wọ́n pàdé, nǹkan kan so wọ́n pọ̀ tí wọn kò fi lè sá fún ara wọn, ọkàn wọn gbà, wọ́n yà, ọ̀kan tàbí méjèèjì ṣe ìpinnu tó ná wọn ní nǹkan, wọ́n padà pọ̀. Ẹ kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí bébà kan ṣoṣo.

Ìyapa ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kì í ṣe ìpàdé. Ìpàdé dùn ún ronú, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ní ìpàdé tó dára tí wọn kò sì ní ohun tó kù. Bí ìyapa bá ti dúró, ẹ ó mọ ohun tí ìpàdé gbọ́dọ̀ gbìn sílẹ̀. Ìyapa Lìdíà àti Dáníẹ́lì ni ọjọ́ tí Lìdíà rí ìwé àyẹ̀wò ilé ìwòsàn nínú àpótí irinṣẹ́ Dáníẹ́lì.

Àwọn nǹkan méjì ló máa ń ba ibí yìí jẹ́. Ọ̀kan ni èdè àìyedè: obìnrin náà rí ọkùnrin náà pẹ̀lú obìnrin mìíràn, àṣé àbúrò ọkùnrin náà ni. Ohun tí ìpè fóònù kan lè yanjú kò lè gbé ìwé. Èkejì ni “Ọlọ́run fi hàn mí pé ìwọ ni aya mi.” Bí òǹkọ̀wé bá fi èyí ṣe ìdáhùn, ó ti ti ìlẹ̀kùn ìtàn pa. Bí ó bá fi ṣe ìṣòro, tí ẹnì kan ṣoṣo gbọ́ ohùn náà tí èkejì kò gbọ́ nǹkan kan, ó ti ṣí ìlẹ̀kùn tó fẹ̀ nìyẹn.

Ẹ má ṣe da òǹkàwé ní ti ìparí. Ẹni tó mú ìtàn ìfẹ́ onígbàgbọ́ ń retí nǹkan méjì: kí àwọn méjèèjì wà pọ̀ ní ìrètí, kí ọ̀rọ̀ àárín wọn àti Ọlọ́run sì ti yàtọ̀ sí bó ṣe wà ní orí kìíní. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n pínyà títí láé, ìwé tó dára ni, àmọ́ ẹ pè é ní orúkọ mìíràn.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ìka sí ìyapa, kí ẹ béèrè pé, “Bí àwọn méjèèjì bá jókòó sọ òótọ́ fún wákàtí kan, ṣé ó tán?” Bí ó bá tán, kò tíì jinlẹ̀ tó.

Ìpele 4: Kíkọ lójoojúmọ́

Love Inspired, ẹ̀ka ìwé ìfẹ́ onígbàgbọ́ ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde Harlequin, máa ń béèrè ìwé tó tó ọ̀rọ̀ 55,000. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn ṣe ìwọ̀n. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ 300 lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, 1,500 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 37 ni ẹ ó fi kọ ọ́ tán, kò tó oṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ 300 kò kún ojú ewé kan àbọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù tàbí tó ń tọ́jú ọmọ lè ṣe é.

Ẹ gbàdúrà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, àmọ́ kó kúrú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè le létí. Ọ̀pọ̀ olùfọkànsìn ni àdúrà fún ìmísí ń jẹ gbogbo àkókò ìkọ̀wé wọn, wọ́n á dìde nílẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó kún àti bébà tó ṣófo. Ẹ béèrè, kí ẹ sì mú gègé. Ìgbà tí ọwọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni ìmísí sábà máa ń rí ibi bà sí.

Ní ìparí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má kọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà tán. Ẹ dúró síbi tí ẹ ti mọ gbólóhùn tó kàn, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la. Ẹ ó rí i pé ìjókòó ọjọ́ kejì kì í nira.

Ìkìlọ̀ tó ṣe pàtàkì jù nínú ìpele yìí ni orí kìíní. Ẹ má ṣe padà lọ tún un kọ. Bí ẹ bá rántí nǹkan tó yẹ kó wà níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé ẹ ti ṣe àtúnṣe náà. Orí kìíní tó tọ́ kò ṣeé kọ títí ẹ ó fi mọ orí ìkẹyìn.

Àyẹ̀wò: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó yẹ kí ẹ ti ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 6,000. Bí kò bá tó ìdajì rẹ̀, ẹ má dá ara yín lẹ́bi, wákàtí ni kí ẹ yí padà. Ẹni tí orí rẹ̀ kì í jí lówùúrọ̀ kò lè kọ ìtàn ìfẹ́ lówùúrọ̀.

Ìpele 5: Ìfẹ́ tó ṣeé rí láì dójú ti ẹnikẹ́ni

Níbí ni ẹ̀rù ti máa ń ba òǹkọ̀wé onígbàgbọ́ jù. Kó má bàa kọ ohun tí kò yẹ, ó sọ ọkùnrin àti obìnrin di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Wọ́n ń kí ara wọn, wọ́n ń bọ ara wọn lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ kẹta wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣègbéyàwó. Òǹkàwé kò rí ibi tí iná ti ràn.

Bíbélì kò bẹ̀rù. Orin Sólómọ́nì wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì kìlọ̀ pé kí a má ṣe jí ìfẹ́ títí yóò fi wù ú, ní 2:7, 3:5 àti 8:4. Kò ní sẹ́ni tó máa kìlọ̀ pé kí a má jí ohun tí kò lágbára. Ẹ jẹ́ kí agbára náà wà lójú ìwé. Èyí tí ẹ máa kó níjàánu ni ohun tí ẹ máa fi hàn.

Olùkọ́ tó dára jù tí mo mọ̀ ni ìwé Rúùtù. Orí mẹ́rin péré, ẹsẹ 85. Ẹ ka orí kejì pẹ̀lú gègé lọ́wọ́. Ní ẹsẹ 14, Bóásì pè é wá sídìí oúnjẹ, ó ní kó fi òkèlè rẹ̀ bọ inú ọtí kíkan, òun fúnra rẹ̀ sì na ọkà yíyan sí i. Rúùtù jẹ, ó yó, ó ṣẹ́ kù. Ní ẹsẹ 16, Bóásì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ máa fa ọkà yọ nínú ìtí sílẹ̀ kó lè rí ṣà, kí wọ́n má sì bá a wí. Kò sí ibì kankan nínú ìwé náà tí Bóásì ti sọ fún Rúùtù pé òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkà tó ń já bọ́ sílẹ̀ ló ń sọ ọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ìfẹ́ kankan, ẹ wá ohun èlò kan àti iṣẹ́ kan tí ọwọ́ ń ṣe. Àpẹẹrẹ kan rèé, níbi tí Lìdíà ti ń ran Dáníẹ́lì lọ́wọ́ nílé ìjọsìn nírọ̀lẹ́:

Dáníẹ́lì sùn gbalaja sábẹ́ bẹ́ǹṣì tó ya. Lìdíà bẹ̀rẹ̀ tì í, ó ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Dáníẹ́lì fi òòlù gbá ìṣó lẹ́ẹ̀mejì, ó dáwọ́ dúró.
“Mi ò rí ìṣó náà mọ́.”
Lìdíà wo ibi tí iná wà. Ọwọ́ Dáníẹ́lì ló ń tàn sí. Kò mọ ìgbà tí iná ti kúrò lórí ìṣó.
“Ẹ má bínú,” ó ní, ó yára gbé e padà.
Dáníẹ́lì kò fèsì. Àmọ́ ó pẹ́ kí òòlù tó tún dún.

Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹnì kejì. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ka èyí tí kò ní mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, títí kan àwọn méjèèjì.

Ìkìlọ̀: ẹ má jẹ́ kí ẹwà nìkan ṣiṣẹ́ yìí. “Ó rẹwà bí áńgẹ́lì” kò sọ ìdí tó fi jẹ́ òun, tí kì í ṣe ẹlòmíràn. Kí ni Dáníẹ́lì rí lára Lìdíà tí ẹlòmíràn ti rí tí kò kà sí? Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ fún ọmọ tó ń ṣe kébékébé láì gbóhùn sókè, bóyá. Ẹ wá a títí ẹ ó fi rí i.

Àwọn ilé iṣẹ́ atẹ̀wéjáde onígbàgbọ́ kì í gba ìbálòpọ̀ lójú ìwé tàbí ọ̀rọ̀ èébú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní òfin tirẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó kọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ ti kọ tán.

Àyẹ̀wò: ẹ pa gbogbo “ìfẹ́,” “fẹ́ràn” àti “ọkàn” rẹ́ nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà, kí ẹ fún òǹkàwé yín kà. Bí ó bá lè sọ ẹni tó ń fẹ́ ta àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìpele 6: Àdúrà àti ìdáhùn

Ẹ wo gbólóhùn yìí: “Má sọkún mọ́, Lìdíà. Rántí pé Róòmù 8:28 sọ pé ohun gbogbo ni ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ sí rere.” Òótọ́ ni. Àmọ́ òǹkọ̀wé ló ń bá òǹkàwé sọ̀rọ̀ níbí yìí, ó kàn yá ẹnu Dáníẹ́lì lò ni. Ẹ wá wo Lìdíà kan náà ní ilé ìwòsàn:

Wọ́n ti gbé Dáníẹ́lì wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Lìdíà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, fìlà Dáníẹ́lì wà lọ́wọ́ rẹ̀.
“Olúwa,” ó ní, ó sì dákẹ́.
Nọ́ọ̀sì kan kọjá. Ó dúró kó lọ tán.
“Olúwa, Ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́.”
Ó ká fìlà náà sí méjì, ó tún tú u.
“Ẹ dá a sí. Mo bẹ̀ Yín, Ẹ dá a sí.”

Àdúrà ojú ìwé gbọ́dọ̀ kúrú, kó sì ná ẹni tó ń gbà á ní nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ kó gùn, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ṣe ló ń yẹ ohun tó yẹ kó sọ sílẹ̀.

Ibi tí ìtàn ti máa ń fọ́ jù rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Irú ìwé tí à ń kọ béèrè pé kí Dáníẹ́lì yè. Bí ìgbàgbọ́ Lìdíà bá wá padà nítorí pé dókítà jáde tó ní iṣẹ́ abẹ yọrí, kí la ti sọ nípa ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́? A ti sọ fún gbogbo opó tó ń ka ìwé náà pé àdúrà tiwọn ni kò tó. Nítorí náà, ohun tó gbọ́dọ̀ yí padà nínú Lìdíà gbọ́dọ̀ yí padà kí ìlẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ tó ṣí. Ìdáhùn ìbéèrè ìpele kìíní ni pé ó béèrè. Ìyè Dáníẹ́lì jẹ́ ayọ̀ tó tẹ̀lé e. Kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ má sì máa tètè tọ́ka sí ọwọ́ Ọlọ́run. Ẹ padà sí Rúùtù: àwọn èèyàn inú ìtàn ń dárúkọ Olúwa nínú ìkíni àti àdúrà wọn, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ìtàn fúnra rẹ̀ sọ pé Olúwa ṣe nǹkan kan, ní 1:6 tí ìròyìn oúnjẹ kàn, àti ní 4:13 tí ó fún Rúùtù ní oyún. Láàárín méjèèjì, ẹ̀yin òǹkàwé lẹ máa fojú ara yín rí i.

Àyẹ̀wò: ẹ fi pẹ́ńsù àwọ̀ kan fa ìlà sábẹ́ gbogbo ẹsẹ Bíbélì, àdúrà àti ọ̀rọ̀ pásítọ̀ inú ìwé náà. Ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, “Lẹ́yìn rẹ, kí ni ẹ̀dá ìtàn náà ṣe tí kì bá tí ṣe láìsí ọ?” Èyí tí kò bá ní ìdáhùn, ẹ yọ ọ́. Ó máa dùn yín, ní pàtàkì tó bá jẹ́ ẹsẹ tí ẹ fẹ́ràn.

Ìpele 7: Àtúnṣe àti fífi ránṣẹ́

Ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ tó kà á sókè ketekete láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí ohùn yín bá ti ń sáré, ó ti sú yín. Á sú òǹkàwé náà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì fún òǹkàwé méjèèjì. Ẹ má béèrè bóyá ó dára. Ẹ ní kí wọ́n sàmì síbi tí wọ́n ti gbé ìwé náà sílẹ̀ lọ ṣe nǹkan mìíràn.

Ìkìlọ̀ lórí ẹ̀tọ́: orin ìyìn tuntun ní oníǹkan. Ìlà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè gba pé kí ẹ kọ̀wé béèrè àṣẹ, kí ẹ sì sanwó. Àkọlé orin nìkan lẹ lè dárúkọ láì béèrè. Orin ìsìn àtijọ́ tí olùkọ̀wé rẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́ kì í sábà ní wàhálà, àmọ́ ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ lè ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bíbélì náà bẹ́ẹ̀. NIV, ìtumọ̀ Bíbélì kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, gba títí dé ẹsẹ 500 láì béèrè, bí kò bá ti pé odindi ìwé Bíbélì kan, tí kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí ẹ kọ, kí ẹ sáà dárúkọ rẹ̀ sí ojú ewé ẹ̀tọ́. Ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Iwájú ìwé ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí.

Fún fífi ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ atẹ̀wéjáde máa ń béèrè lẹ́tà ojú ewé kan, àkótán ìtàn, àti orí mẹ́ta àkọ́kọ́. Nínú àkótán, ẹ sọ bó ṣe parí. Olóòtú kò fẹ́ kí ẹ fi pa mọ́ fún òun. Ohun tó ń wá ni bóyá ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé Ọlọ́run ló ní kí wọ́n tẹ ìwé náà jáde.

Àyẹ̀wò kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì: orúkọ olóòtú tọ́, òǹkà ọ̀rọ̀ wà lókè, orí mẹ́ta náà tẹ̀ léra láti orí kìíní, ojú ewé ní nọ́ńbà, àkótán sì dárúkọ ohun tí ẹ̀dá ìtàn méjèèjì gbà gbọ́ nípa Ọlọ́run ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ní ìparí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, kí ẹ sì ṣí ojú ewé tuntun fún ìbéèrè tó kàn.